Orin kan tí ẹ kò lè fi sílẹ̀, olórin kan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé

Ọmọ Aláre (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin. Ní Iléyá tó kọjá, nígbà tí a ti Ojúde Ọba dé, tí ẹsẹ̀ ń ro mí nítorí ijó tí èmi àti régbérégbé wa jó, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi, mo sì tan orin lórí fóònù. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé orin bí ogún péré ni mo ń gbọ́ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti tán, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Ẹni tó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ lójoojúmọ́ kò kúkú ṣẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ ohun tí wọ́n ń sè nílé kejì.

Ìdí nìyí tí mo fi dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo fẹ́ kí olúkúlùkù mú orin kan tí kò lè fi sílẹ̀ wá, kó sì mú olórin tàbí ẹgbẹ́ olórin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé tẹ̀ lé e, ìbáà jẹ́ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lánàá, ìbáà jẹ́ àwọn tó ti ń kọrin kí a tó bí olúwarẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ju orúkọ sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ sì sọ ibi tí ó yẹ kí a tẹ́tí sí.

Orin tèmi ni “Talazo '84” ti Wàsíù Àyìndé, ọmọ ilẹ̀ wa, tó jáde ní 1984. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni kásẹ́ẹ̀tì náà. Bírò ló máa ń kì bọ ihò rẹ̀ láti fi yí i padà sẹ́yìn, kí bátìrì rédíò má baà tètè kú, ẹnikẹ́ni tó bá sì fọwọ́ kan rédíò yẹn láìgba àṣẹ yóò jẹ ìfọ́tí. Ní ti olórin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé, ọwọ́ mi ṣófo, òun gan-an ni mo wá tọrọ.

Ará Òkè-Agbò (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ kú iṣẹ́, Ọmọ Aláre. Orin tèmi kò ní í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: “Oroki Social Club” ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, tí ilé iṣẹ́ Decca gbé jáde ní 1971. Ẹgbẹ́ àríyá kan ní Òṣogbo ló fi orin náà kì, síbẹ̀ àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó gbà á bí ẹni pé ojúde wa ni wọ́n ti kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí ni bí bàbá náà kì í ti í kánjú. Ìjókòó ló fi ń kọrin, tí àwọn onílù àti ẹlẹ́gbè yí i ká. Yóò sọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò dákẹ́, yóò jẹ́ kí ẹlẹ́gbè gbé e, yóò jẹ́ kí gángan rojọ́ tirẹ̀ tán, kí ó tó padà wọlé pẹ̀lú òwe, bí àgbà tó ń dá sí ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ẹbí.

Àwọn kan rò pé òkìkí bá a lójijì ni. Ní 1948 ló kọ́kọ́ ṣe àwo, orin tó fi kì Orímolúṣì ìlú wa, àwo náà kò sì tà. Ìgbà tí Ọba náà wàjà, tí wọ́n tún un gbé jáde, ni gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Nígbà tó yá, ó padà wá kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ńlá sí Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, Phonodisk, ní 1979. Ẹ fojú inú wò ó pé ní ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwo tó dáńtọ́ lè wá sílùú wa dípò kó forí lé Èkó.

Ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé kì í ṣe ọmọdé. Lígálì Mukaiba ni, alápàlà ará Ẹ̀pẹ́. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo sì ti ń gbọ́ àpàlà láti ìgbà tí mo ti dáyé, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n. Mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò mi ṣe ló ń gbọ́ ọ lábẹ́ mọ́tò. Nígbà tí mo béèrè pé èwo nínú àwo Hárúnà nìyí, ó yọ orí síta, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ará òkè yìí, Hárúnà nìkan lẹ mọ̀. Tiwa rèé, ti etí ọ̀sà.” Ojú tì mí díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì gbà pé ó ní adùn tirẹ̀ tí n kò gbọdọ̀ fi wé ẹlòmíràn.

Ọ̀dọ́ Ìlíṣàn

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Orin tí n kò lè fi sílẹ̀ àti ẹgbẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé, ọ̀kan náà ni: The Cavemen, àwo wọn “Roots” tó jáde ní 2020. Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n. Kingsley Okorie ń ta gìtá báàsì, Benjamin James ń lu ìlù, híláìfù ni wọ́n sì ń kọ, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ní èdè Ìgbò. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ Enugu, ló máa ń tan án bó bá ń fọ aṣọ. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó ní kí n kọ́kọ́ jó o ná. Mo jó o, n kò sì tíì rántí béèrè ìtumọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n mo ní ìṣòro kan tí mo fẹ́ kí ẹ má bínú sí. Bàbá mi fẹ́ràn àpàlà, èmi náà sì fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́. Àmọ́ bí mo bá gbé e sétí, gbogbo rẹ̀ a máa jọ ara wọn. N kì í mọ ibi tí orin kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, n kì í sì í rí ibi dì mú. Báwo ni ẹ ṣe ń gbọ́ ọ?

Onígángan Ìpẹru

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dára ju orin tí ọ̀pọ̀ nínú wa mú wá lọ. Ọ̀nà tí o gbà wọlé ni kò jẹ́ kí o rí ìjókòó. Ohùn olórin ni ò ń lé kiri, ò ń dúró de ègbè tí wàá bá wọn kọ, bí a ti ń ṣe nínú orin ìgbàlódé. Àpàlà kì í ṣí ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn.

Kọ́kọ́ wá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ. Òun ni kì í yẹsẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ni ilẹ̀ tí àwọn yòókù ń tẹ̀. Bí o bá ti rí i, máa fi ìka lu orí tábìlì tẹ̀ lé e títí ara rẹ yóò fi mọ̀ ọ́n, kódà bí orin méjì bá kọjá kí o tó mọ̀ ọ́n, kò burú. Lẹ́yìn náà, wá agídìgbo. Àpótí pákó ni, irin pẹlẹbẹ ni a kàn mọ́ ọn lójú, ìka ni a fi ń ta á. Ohùn rẹ̀ wúwo nísàlẹ̀, iṣẹ́ tí gìtá báàsì ń ṣe fún àwọn Cavemen rẹ ló ń ṣe fún àpàlà, nítorí náà etí rẹ ti mọ̀ ọ́n kí o tó débẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí o wá gángan. Wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún sọ láìdákẹ́, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n di àyè mú. Ọ̀kan wà tó ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, tó ń lo ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹnu ti ń lò wọ́n. Nígbà mìíràn yóò tún ohun tí olórin wí sọ, nígbà mìíràn yóò ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ yóò bá ẹnì kan tó ń jó sọ̀rọ̀, olórin kò sì ní í mọ̀. Ohùn olórin ni kí o wá gbọ́ kẹ́yìn. Nígbà náà ni yóò yé ọ pé ó ń rìn láàárín àwọn èèyàn wọ̀nyí ni, kì í ṣe pé wọ́n ń tẹ̀ lé e.

Ní ti bí mo ṣe ń rí olórin tuntun, mo ní àṣà kan. N kì í lé orúkọ tó wà lójú àwo. Ẹni tó wà lẹ́yìn ni mo máa ń lé. Wàsíù tí Ọmọ Aláre dárúkọ, ẹrù ìlù ló ń bá Sikiru Àyìndé Barrister gbé nínú ẹgbẹ́ Supreme Fuji Commanders kí ó tó dá dúró. Ẹni tó bá fẹ́ràn “Ace” tí Shina Peters gbé jáde ní 1989, kó wá Ṣẹ́gun Adéwálé tí wọ́n jọ ṣe ẹgbẹ́ rí, kó sì wá Prince Adekunle tí àwọn méjèèjì ti abẹ́ rẹ̀ jáde. Nínú “Juju Music” tí Sunny Adé ṣe ní 1982, gìtá kan wà tó ń fa ohùn gùn bí ẹni tó ń rò nínú ìdákẹ́jẹ́. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á, irú gìtá tí a ń tẹ́ sílẹ̀ bí tábìlì tí a sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀ ni. Gìtá yẹn ni mo tẹ̀ lé títí mo fi dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà, àwọn onífìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tí n kò bá tí ì gbọ́ láéláé.

Mo ní ìdí tèmi pẹ̀lú. Mo ti lu ìlù nínú àwo mẹ́ta, kò sí orúkọ mi lára ọ̀kankan.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù

Ẹ ti ka ọkùnrin títí, ẹnu kò rẹ̀ yín. Ará Òkè-Agbò, ẹ̀yin tí ẹ dé Òṣogbo tí ẹ sì dé Ẹ̀pẹ́, ṣé ẹ kò rí Bàtílì Àlàkẹ́ nínú Ìjẹ̀bú-Igbó yín ni? Wákà jẹ́ orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí, ẹnu àti àtẹ́wọ́ ni, níbi ìkómọ àti níbi tí wọ́n bá ti ń pàdé alálàájì. Bàtílì ló gbé e dé òde àríyá, òun náà ló kọ́kọ́ fi wákà ṣe odidi àwo. Ó papòdà ní 2013. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sàláwà Àbẹ̀ní dé, ọmọ Ìjẹ̀bú etí omi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ní 1976 nígbà tí Leader Records gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, èyí tó fi dárò Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Ní 1992, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí dé e ládé “Queen of Waka”. Ẹ tẹ́tí sí bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè láìní ìgbìyànjú kankan, tí yóò sì dúró síbẹ̀.

Bí mo ṣe bá Bàtílì pàdé nìyí. Orin kan wà lórí YouTube tí mo fẹ́ràn gan-an, ẹni tó gbé e síbẹ̀ fi àwòrán obìnrin mìíràn lé e, ó sì kọ orúkọ obìnrin náà sí i. Odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wá àwo obìnrin yẹn, mo ra èyí tí mo rí, kò sí èyí tó ní ohùn náà. Ìgbà tí mo ka gbogbo ohun tí àwọn èèyàn kọ sí ìsàlẹ̀ ni mo rí bàbá kan tó kọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, “Bàtílì nìyí o, àwo rẹ̀ wà nílé mi.” Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo nílé, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ya àwòrán bébà róbótó tó wà láàárín àwo. Orúkọ olórin, ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde àti nọ́ńbà àwo wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní í ṣìnà mọ́.

Mo tún fẹ́ràn I. K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé fún ọ̀rọ̀ bébà róbótó yẹn. Ẹ má bínú o, Dairo kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú tiwa. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n ti wá, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀fà ni wọ́n sì bí i sí. Orúkọ ìlú ló jọra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú ṣáájú yín, èmi náà wà nínú wọn títí ọ̀gá mi kan tó jẹ́ ará Iléṣà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi jà.

Orin tèmi ni “Bubble” ti Adéwálé Ayúbà, ọmọ ìlú wa, tó gba ìgboro ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé kan ń tijú fújì, wọ́n ní orin àwọn onímọ́tò ni. Ayúbà wọ ṣòkòtò jíǹsì, ó jó bí ọ̀dọ́, ó sọ pé Bonsue Fuji ni tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń tijú bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọ̀nà tí Onígángan là sílẹ̀ ni èmi náà tọ̀ láìmọ̀. Mo ń wá gbogbo ibi tí ohùn Ayúbà bá wà, mo sì kan àwo kan tí ń jẹ́ “Fuji Satisfaction”, tí òun àti ẹgbẹ́ BANTU jọ ṣe. Adé Bantu ni olórí ẹgbẹ́ náà, Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá, Jámánì ni ìyá rẹ̀. Wọ́n fi àwo yẹn gba ẹ̀bùn Kora ní 2005. Fújì ni, ṣùgbọ́n gìtá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wótowòto àwọn onírápù náà wà níbẹ̀, ohùn ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ sì jókòó láàárín wọn bí onílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá mọ BANTU fúnra wọn. Ẹgbẹ́ ńlá ni, èèyàn bíi mẹ́tàlá, àwọn tó ń fọn fèrè pọ̀ nínú wọn. Mo lọ wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe eré orin Afropolitan Vibes ní Freedom Park ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí wọ́n sọ di ibi ìgbafẹ́. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ àwọn afunfèrè, etí mi sì hó di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n inú mi dùn dé ilé.

Ará Òkè-Agbò (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìyá Ìbejì, mo tọrọ àforíjì. Mo mọ Bàtílì, mo tilẹ̀ mọ àdúgbò wọn. Àìronú ni ó jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, òótọ́ ni o sọ lórí Dairo, ṣùgbọ́n má ṣe lé e jáde nílẹ̀ wa tán. Òun àti Hárúnà Ìṣọ̀lá ni wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ àwo STAR Records sílẹ̀ ní 1969, tí àwọn olórin fúnra wọn fi di olówó iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Nítorí náà, bí kò bá jẹ́ ọmọ wa, àna wa ni.

Ibi tí n kò ti bá ọ lọ ni ti àmúlùmálà yẹn. Fújì kò béèrè gìtá, kò béèrè fèrè, kò sì béèrè rápù. Bí a bá ń da gbogbo ọbẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò kan, ìgbà wo ni a ó mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gúsí?

Onígángan Ìpẹru

Bàbá wa, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n inú ìkòkò àdàpọ̀ ni fújì fúnra rẹ̀ ti jáde. Wéré tí àwọn ọmọkùnrin ń kọ lóru láti jí àwọn èèyàn sí sààrì nínú oṣù Rámàdáànì ni Barrister mú, ó sì bù kún un láti inú àpàlà àti sákárà. Ó sọ pé orí àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfúrufú ni òun ti mú orúkọ náà. Dairo àna yín ńkọ́? Àkọ́díọ̀nù tí a ń fẹ̀ tí a ń pa dé láyà, òun ló mú un wọ inú jùjú, ìyẹn kò sì ní kí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì má fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ohun tí mo máa ń wò ni pé, ṣé àlejò tó wọlé ń bá onílé sọ̀rọ̀, àbí ó kàn ń pariwo? Nínú “Fuji Satisfaction”, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo mọ àwọn àwo mìíràn tí wọn kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ ni èmi àti ẹ̀yin yóò ti jọ bínú.

Ará Òkè-Agbò (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ ni màá dá ọ lóhùn. N kò tíì gbà.

Ẹni Òṣósà

Mo kàn ń kọjá lọ ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka olórin Ìjẹ̀bú kó fo Hubert Ògúndé ọmọ Òṣósà. Eré orí ìtàgé ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, wọ́n sì gbàgbé pé orin ló fi ń ṣí eré, òun ló fi ń pa á dé. Orin “Yorùbá Ronú” ti 1964 ni mo yàn. Nítorí eré tí orin náà wà nínú rẹ̀, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹ tẹ́tí sí ègbè àwọn obìnrin inú rẹ̀.

Ọmọ Òde Rẹ́mọ

Mo ti ń kà á láti òwúrọ̀, ẹ kú làákàyè. Èmi kì í gbọ́ orin tó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ a sì máa gbà mí lọ́kàn títí n ó fi gé aṣọ oníbàárà kọjá ibi tó yẹ. Orin tí kò yé mi ni mo fẹ́ràn. Ìdí nìyí tí mo fi dé ilẹ̀ Mali.

Ali Farka Touré, ará Niafunké lẹ́bàá odò Niger, ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó ti kú láti 2006. Gìtá ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní njarka, kékeré báyìí, okùn kan ṣoṣo ló ní, ọrun ni wọ́n fi ń gé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní, “Gòjé kọ́ nìyí?” Gòjé inú sákárà, èyí tó ń sunkún lábẹ́ ohùn Yúsúfù Ọlátúnjí, Baba Lẹ́gbà, tí bàbá mi máa ń tan ní gbogbo ọjọ́ Àìkú! Mo sáré lọ wá Yúsúfù jáde, mo gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra, mo tún wọn gbọ́. Wọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà, gòjé sákárà ń tẹ̀ lé ohùn ènìyàn pẹ́kípẹ́kí, njarka ń sá ṣíwájú, ṣùgbọ́n bí a bá ní ọmọ bàbá kan ni wọ́n, n kò ní í jiyàn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbọ́ Yúsúfù láìgbọ́ gòjé rẹ̀. Àfi ìgbà tí ará Mali fi hàn mí.

Ọmọ Ali, Vieux Farka Touré, pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan láti Houston ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Khruangbin, àwọn mẹ́ta péré, jọ gbé àwo “Ali” jáde ní 2022 láti fi bu ọlá fún bàbá náà. Orin bàbá ni ọmọ ń kọ, ṣùgbọ́n ó fi ìjókòó sílẹ̀ fún àwọn àlejò. Ó rán mi létí Músílíù Hárúnà Ìṣọ̀lá, tó gbé “Ṣọ̀yọ̀yọ̀” jáde ní 2000, tí àwọn tí kò mọ bàbá rẹ̀ rárá fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó àpàlà. Ará Òkè-Agbò, ẹ fi ti Vieux ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ àmúlùmálà, kò sí rápù níbẹ̀.

Ará Òkè-Agbò (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Mo ti gbọ́ ti ọmọ Mali náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní sùúrù bíi ti àwọn àgbà, mo gbà fún un. Mo gbọ́ ti Ayúbà àti BANTU náà. Ìdajì rẹ̀ ni mo gbà.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù

Ìdajì láti ẹnu yín, odidi ni.

Ọ̀dọ́ Ìlíṣàn

Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Mo ṣe ohun tí Onígángan wí. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan, ẹni tí a jọ ń gbé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ara mi yá, nítorí pé mò ń lu tábìlì nígbà tí a ń jẹun. Agídìgbo ló rọrùn jù, mo tètè rí i gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ. Gángan ló ṣòro. Mo mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀, n kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀gbọ́n wa Onígángan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé ìkómọ kan wà ní Ìpẹru lọ́jọ́ Sátidé, kí n wá jókòó lẹ́yìn àwọn.

Mo lọ. Nígbà tí wọ́n ń lù fún àwọn òbí ọmọ tuntun, mo ń fi ẹnu wí ohun tí mo rò pé ìlù ń sọ, n kò rí ọ̀kan gbà. Lójijì, gángan yí padà sí ọ̀dọ̀ mi. Ohùn àárín, ohùn òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Ó tún un sọ. Àwọn ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀ pé, “Tọwọ́ bàpò” ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu gángan láyé mi nìyí, 500 náírà ni mo sì fi san án, owó mọ́tò mi padà sí Ìlíṣàn. Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé mi dé ilé.

Onígángan Ìpẹru

Mo lù ú pé “Ọmọ ilé ìwé, káàbọ̀” lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú ìyẹn, o kò gbọ́. Ti owó lo gbọ́.

Ọmọ Aláre (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Orin ogún tó wà lórí fóònù mi ti di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Lígálì wà níbẹ̀, Bàtílì wà níbẹ̀, Cavemen àti àwọn ará Mali náà wà níbẹ̀. Lánàá, mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi tó ni kásẹ́ẹ̀tì ìjelòó, mo ní kó jẹ́ kí n yẹ àpótí rẹ̀ wò. “Talazo” ti sọnù, ṣùgbọ́n mo rí àwo Prince Adekunle méjì àti àwo wákà kan tí bébà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Bébà róbótó àárín rẹ̀ pé pérépéré. Mo ti ya àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí iná bá dé lálẹ́ yìí màá gbé wọn síbí. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi ka ti wákà yẹn, lẹ́tà rẹ̀ kéré, ojú mi kò sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.